Bàbá Ìbejì Lọ Ya Fọ́tò Ẹyẹ Lójú Agbami

Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì kú ewu òkun. Ẹ má kí i kú iṣẹ́ fọ́tò o, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn lè dá ìjà sílẹ̀. Nǹkan bí 4,000 fọ́tò ló kó bọ̀ nínú kámẹ́rà, mo sì ti bá a jókòó ti kọ̀ǹpútà fún alẹ́ mẹ́ta gbáko láti wo gbogbo rẹ̀. Omi ni. Omi tó ń lọ, omi tó ń bọ̀, omi tó fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ da òkun nù, àti irin ọkọ̀ kan báyìí tó yọjú sínú gbogbo rẹ̀ bí àbúrò bàbá ìyàwó tí kì í yẹ̀ nínú fọ́tò ìgbéyàwó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Aberdeen ní Scotland mọ ẹni tí mò ń wí. Epo rọ̀bì ló kó ọ̀pọ̀ nínú wa dé ìlú yìí, yunifásítì ló kó àwọn yòókù. Epo ló gbé Bàbá Ìbejì wá ní tirẹ̀, kó tó di pé ó fi ọjọ́ Sátidé sọ ara rẹ̀ di onífọ́tò òde àríyá. Kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí ọjọ́ìbí àádọ́ta ọdún, tí ẹ kò ní bá a níbẹ̀ tí yóò máa pàṣẹ: "Màmá, ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Dádì, ẹ fa ikùn wọlé. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ẹ sún mọ́ra." Ó mọ iṣẹ́ yẹn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo ti rí i tó mú kí obìnrin tí kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ fi orí lé ọkọ náà léjìká, kó sì rẹ́rìn-ín. Ibi tó ti rò pé ẹyẹ òkun náà máa gbọ́ "ẹ sún mọ́ra" ni kò yé mi.

Fọ́tò méjì ló kó bá a. Ọ̀jọ̀gbọ́n George Dunnet, ti Yunifásítì Aberdeen níbí, ló wà nínú méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ọdún 1951, géńdé ni, ó gbé ẹyẹ òkun kan tí wọ́n ń pè ní fulmar dání ní àwọn erékùṣù Orkney. Nínú èkejì, tí wọ́n yà lẹ́yìn ohun tó lé ní 30 ọdún, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti di bàbá àgbà, ẹyẹ kan náà ló tún gbé dání, ẹyẹ ọ̀hún kò sì fi ọjọ́ kan ṣàgbà. Bàbá Ìbejì wo fọ́tò, ó wo dígí, ó fọwọ́ pa iwájú orí tí irun ti kó ẹrù kúrò níbẹ̀. Ó ní òun gbọ́dọ̀ fojú kan ẹyẹ yìí. Mo rò pé ó fẹ́ bi í léèrè ìpara tó ń lò.

Lẹ́ńsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti òde àríyá ni. Ó lè ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó láti orí àga kejì, ṣùgbọ́n ẹyẹ òkun kì í jókòó sórí àga kejì. Ló bá lọ ra 600 milimítà. Ẹ̀yin ará, mo ti rí odó tó kéré sí i. Ó ká rìsíìtì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó fi ọ̀rá wé e, ó rì í sísàlẹ̀ àpò gàrí Ìjẹ̀bú tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Nígbà tí Ìyá Ìbejì bi í pé níbo ni irú nǹkan báyìí ti wá, ó ní ọ̀rẹ́ kan ló yá òun. Kò purọ́ ṣá. Báǹkì lorúkọ ọ̀rẹ́ náà. Ohun tí mi ò lè dárí rẹ̀ jì í ni pé, nínú gbogbo ibi tí èèyàn lè fi nǹkan pamọ́ sí nínú ilé Yorùbá, inú gàrí ló yàn.

Ìparí oṣù kẹfà la lọ, àsìkò tí oòrùn apá ibí kì í fẹ́ lọ sùn. Ọkọ̀ tó ń ti Aberdeen lọ tààrà sí Lerwick ní àwọn erékùṣù Shetland máa ń ṣí ní aago méje alẹ́, ó sì ń gúnlẹ̀ ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá Ìbejì ní kí n wá gbafẹ́. Ìgbà tí mo dé èbúté ni mo rí i pé báàgì mẹ́ta ni afẹ́ náà, pẹ̀lú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, èmi ni mo sì máa gbé e. Ìyá Ìbejì fi kúlà mọ́ínmọ́ín lé mi lọ́wọ́, ó fi páálí egbòogi èébì lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ ò bá rí ojú tí ọkùnrin yìí fi wo egbòogi náà. "Èmi? Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Etí omi ni wọ́n bí mi sí. Ẹja ló wò mí dàgbà." Ó dá a padà fún un níwájú èrò. Ọ̀sà ni omi Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe òkun, ṣùgbọ́n èmi jẹ́ àbúrò, mo sì ti gbé báàgì sórí, mo panu mọ́.

A ò tíì kúrò lẹ́nu èbúté tí àwọn dolphin fi dé. Ẹnu èbúté Aberdeen ni wọ́n máa ń ṣeré, ìlú ti mọ̀ wọ́n mọ́ ọn. Mẹ́ta fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ara wọn ń dán bí bàtà ọjọ́ Ìsinmi. Gbogbo èrò dẹ́kì pariwo. Àwọn ọmọdé ń fò. Bàbá Ìbejì nìkan ló kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń nu lẹ́ńsì. "Ẹja nìyẹn," ló wí. "Ẹyẹ la wá yà." Dolphin kì í ṣe ẹja, ọmọ ló ń fún lọ́mú, ẹ má bá mi sọ fún un.

Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, fulmar dé.

Mo fẹ́ sọ èyí bó ṣe rí, nítorí òun nìkan ni nǹkan ẹlẹ́wà nínú ìtàn yìí. Ẹyẹ náà kò ju apá. Ó na méjèèjì gbọọrọ bí pákó, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ní ìwọ̀n ibi tí ojú wa wà, ọkọ̀ ń sáré, òun náà ń bá a lọ, kò jọ pé ó ń ṣe wàhálà kankan. Ìyẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, orí rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ dúdú, ó sì dákẹ́ bí ojú adájọ́. Lórí àgógó ẹnu rẹ̀, fèrè kékeré kan wà níbẹ̀, ihò imú rẹ̀ nìyẹn. Ó wo èmi, ó wo Bàbá Ìbejì, ó wo lẹ́ńsì. Kò tó ọ̀pá mẹ́ta sí wa. Kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya páàsìpọ́ọ̀tù lè yà á.

Lẹ́ńsì 600 kò lè yà á. Ẹyẹ ti sún mọ́ra jù fún un. Ojú kan ṣoṣo ló ń rí, kò rí ìyókù. Bàbá Ìbejì wá bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀yìn rìn lórí dẹ́kì kí ẹyẹ lè gba inú fọ́tò, ó ń sọ pé "ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn", títí ó fi jókòó sórí itan arákùnrin ará Scotland kan tó ń mu bíà jẹ́jẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ la ti mọ Màmá Onífìlà. Obìnrin àgbà kan ni, ọmọ Shetland tó ń padà sílé, fìlà òwú híhun lórí, ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, kò ní kámẹ́rà rárá. Bí ẹyẹ bá kọjá, ó fa ìlà kan sínú ìwé. Bí Bàbá Ìbejì ṣe ń wá bọ́tìnnì, Màmá ti ka ọgọ́ta. Òun ló sọ fún wa pé maalie ni wọ́n ń pe fulmar ní Shetland, wọ́n sì pọ̀ bíi rẹ́rẹ. Áà, bí Bàbá Ìbejì ṣe gbọ́ "wọ́n pọ̀" báyìí, ojú rẹ̀ yí padà. Ẹyẹ tó torí rẹ̀ jẹ gbèsè di ẹyẹ ìgboro lójú ẹsẹ̀. Ó ní èyí tó ṣọ̀wọ́n lòun ń fẹ́. Màmá bá ka orúkọ àwọn yòókù fún un ní èdè wọn: tirrick, bonxie, tammie norie, solan. Ó wá sọ pé èyí tó kéré jù, tó sì ṣòro yà jù, alamootie ni.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbejì ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ oríkì rẹ̀ ti mọ ìdí. Àlàmú ni ìyá rẹ̀ ń kì í láti kékeré. Ó wá di ẹni tó wọ ọkọ̀ rin ọ̀nà jíjìn tó báyìí kí obìnrin òyìnbó tí kò rí i rí lè kéde rẹ̀ sójú agbami pé Àlàmú tì.

Ó sì tì lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fà á, kì í ṣe pé ojú rẹ̀ fọ́. Ní òde àríyá, nǹkan kan ṣoṣo ló ń rìn, ìyẹn ẹni tó ń jó. Lójú òkun, ẹyẹ ń rìn, ọkọ̀ ń rìn, omi tí ọkọ̀ wà lórí rẹ̀ ń rìn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lo lẹ́ńsì gígùn mọ̀ pé bí ọwọ́ bá yẹ̀ bí ìbú èékánná, ẹyẹ ti kúrò nínú ojú rẹ̀, ojú ọ̀run lásán ló kù. Ó gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gba ẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè, gbogbo rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni ibà. Ó ká a, ó fi ìgunpá ti irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Irin náà ń gbọ̀n, eyín Bàbá Ìbejì ń gbọ̀n pẹ̀lú. Màmá Onífìlà ní kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró, kó rọ orúnkún, kó jẹ́ kí ara òun fúnra rẹ̀ gba ìjì náà, kó má gbára lé nǹkankan. Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí orúnkún Bàbá Ìbejì ti rọ̀ kẹ́yìn, àfi bó bá ń gba owó.

Ó fi kámẹ́rà sí ìdá kan nínú ìdá 2,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹyẹ tó ń fò. Ó ní kó máa ya ogún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí òun bá tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn náà dáa. Ṣùgbọ́n fókọ́ọ̀sì kámẹ́rà kò mọ ẹyẹ yàtọ̀ sí ìgbì. Ohun tó bá kọ́kọ́ tàn án lójú ló ń dì mọ́, ìgbì sì pọ̀ ju ẹyẹ lọ. Ẹyẹ kan kọjá, kámẹ́rà ya ogún fọ́tò fún ìfófòó omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ́ kedere, ẹ lè ka ìfófòó náà níkọ̀ọ̀kan, ẹyẹ iwájú wá ṣú bàìbàì bí ẹni tí ẹ jẹ lówó. Lẹ́yìn ìyẹn ni iyọ̀ òkun dé. Ó ta sójú lẹ́ńsì, Bàbá Ìbejì fi etí agbádá rẹ̀ nù ún. Bẹ́ẹ̀ ni, agbádá. Ó wọ agbádá lé jákẹ́ẹ̀tì òtútù, ó ní ọ̀tọ̀ ni ọlá onífọ́tò. Afẹ́fẹ́ wọ inú agbádá náà, ó fẹ̀, Bàbá Ìbejì sì di ẹyẹ tó tóbi jù lọ lórí òkun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Fulmar kan wá wò ó wò ó, ó lọ.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi ọlá ṣe é. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wà, Richard àti Cherry Kearton, bí ọ̀rúndún ogún ṣe ń wọlé. Wọ́n bó awọ màlúù odindi kan, wọ́n kì í, wọ́n mú kó dúró nínú pápá, ọ̀kan nínú wọn yóò sì kó sínú ikùn màlúù náà pẹ̀lú kámẹ́rà, kí ẹyẹ má baà fura. Mo sọ ìtàn yìí fún Bàbá Ìbejì kó lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ṣé awọ màlúù náà, wọ́n ti jẹ pọ̀nmọ́ kúrò níbẹ̀ ni, àbí?

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, òtútù lé wa wọlé lọ mu tíì. Ó gbé lẹ́ńsì lé orí tábìlì. Láti inú òtútù bọ́ sínú ooru, lẹ́ńsì làágùn ṣìnkìn, kò rí nǹkan mọ́ fún ìdajì wákàtí gbáko. Nínú ìdajì wákàtí yẹn ni Màmá Onífìlà sáré wọlé wá pè wá: alamootie ti dé! A tú síta. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni, ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀ bí ìrọ̀lẹ́. Ó na ọwọ́. Mo wò, mi ò rí nǹkan. Mo tún wò, mo rí àwọn nǹkan dúdú kéékèèké tí ń gbọ̀n lójú omi bí ewé tí afẹ́fẹ́ ń gbá. Ẹyẹ tí ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù 25 lọ, kò ju lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ orí omi tẹ́tẹ́tẹ́ nígbà tó bá ń jẹun, lójú agbami tó lè gbé ọkọ̀ irin mì. Màmá ní inú ògiri ilé olókùúta àtijọ́ kan ní erékùṣù Mousa, ilé tó ti lé ní 2,000 ọdún, ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ń sùn, òru nìkan ni wọ́n sì ń wọlé kí àwọn ẹyẹ ńlá má baà pa wọ́n.

Bàbá Ìbejì ya 600 fọ́tò. Mo ti wo gbogbo 600. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe rí, ẹ di ojú yín.

A sùn díẹ̀. Aago márùn-ún àárọ̀, ó ti tún jí mi, ìtìjú àná kò jẹ́ kó sùn. Ó jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́ta láti fi tún ọkàn ṣe. Màmá Onífìlà ti wà níta ṣáájú wa, ó wo mọ́ínmọ́ín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo òkun, ó ṣí ẹnu, ó tún pa á dé. Ó mọ ibi tí à ń lọ.

Gúúsù Shetland, lábẹ́ òkè Sumburgh Head, omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Roost. Ibẹ̀ ni Òkun Àtìláńtíìkì àti Òkun Àríwá ti ń pàdé, wọn kì í sì í kí ara wọn dáadáa. Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ tẹrí ba bí ọmọ tó fẹ́ kí bàbá rẹ̀. Ó gbórí sókè. Ó wá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo wo Bàbá Ìbejì. Àwọ̀ ara rẹ̀ ti di ti ewé mọ́ínmọ́ín.

Àkókò yẹn gan-an ni gbogbo ẹyẹ tó torí wọn wá dé, bí ìgbà tí wọ́n gbọ́ agogo. Àwọn gannet, tí ará ibẹ̀ ń pè ní solan, ni wọ́n ṣáájú: ẹyẹ funfun gbòò, orí rẹ̀ ní àwọ̀ òféfèé bí ọtí oyin, bó bá na apá méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì. Bó bá rí ẹja, ó ń ká apá sẹ́yìn, ó ń já bọ́ láti òkè bí ọ̀kọ̀, nǹkan bí 100 kilomítà ní wákàtí ni ìsáré rẹ̀ nígbà tó bá kan omi. Ihò imú rẹ̀ kò sí níta, Ọlọ́run ti dí i pa kí omi má baà gba ibẹ̀ wọlé, àpò afẹ́fẹ́ sì wà lábẹ́ awọ ojú àti àyà rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìkọlù náà dùn ún. Mo ń wò wọ́n tí wọ́n ń já bọ́ ní pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀. "Dádì, ẹ yà á!" ni mò ń pariwo. Kò dáhùn. Ó ń mí ìmí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ ṣe ìpàdé.

Bonxie wá dé. Agbèrò òkun nìyẹn. Ẹyẹ rírẹ́súrẹ́sú, àyà gbàràmù, kì í ṣe wàhálà ẹja pípa bí ẹlòmíràn bá ti bá a pa á. Ó mú gannet kan lójú wa, gannet tó jù ú lọ, ó fi ẹnu fa ìyẹ́ ìdí rẹ̀, ó ń lé e, ó ń lé e, "owó dà? owó dà?", títí gannet fi la ẹnu tó sì pọ gbogbo ohun tó jẹ láti àárọ̀ sójú òkun.

Bí Bàbá Ìbejì ṣe rí ìyẹn, òun náà san tirẹ̀. Bonxie ò tíì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ o.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́! Ẹni tí ẹja wò dàgbà! Ó di irin mú, ó bì, ó tún bì. Apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ló dojú kọ, nítorí náà ohun tó rán lọ ni afẹ́fẹ́ ń dá padà fún un, agbádá sì gba èyí tó pọ̀ jù. Màmá Onífìlà fi ọgbọ́n dì í ní apá mú lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó fi bísíkítì ata ilẹ̀ sí i lápò, ó padà sídìí ìwé rẹ̀. Kámẹ́rà ń fì lọ́rùn rẹ̀. Ìka rẹ̀ há sórí bọ́tìnnì. Ogún fọ́tò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, krrrrrr, krrrrrr, bí ó ṣe ń bì ni ó ń yà.

Ẹ wá gbọ́. Àwọn tó máa ń dìídì gbé ọkọ̀ jáde láti lọ ya ẹyẹ òkun ní ètò kan. Wọ́n ń po ìfun ẹja mọ́ òróró ẹja, wọ́n ń dà á sómi, nítorí àwọn ẹyẹ onífèrè-nímú wọ̀nyí máa ń gbóòórùn oúnjẹ láti ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ èrò kì í gba irú rẹ̀ láyè. Bàbá Ìbejì ló wá fi ikùn ara rẹ̀ ṣe é fún gbogbo wa láì gba kọ́bọ̀. Ata, epo, ẹ̀wà, edé inú mọ́ínmọ́ín Ìyá Ìbejì, ta ni yóò gbóòórùn yẹn tí kò ní yà? Fulmar méjì, mẹ́wàá, ogún. Àwọn ẹyẹ òkun funfun olóhùn ariwo dé pẹ̀lú ìjà. Wọ́n yí i ká, apá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Gbogbo onífọ́tò orí dẹ́kì sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀ ni kámẹ́rà wọn ń dún. Arákùnrin oníbíà àná ya tirẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sọ pé kí "sà" rọra gbé orí kúrò díẹ̀, ó ń dí ẹyẹ. Wọ́n sún mọ́ra nígbẹ̀yìn ṣá, gẹ́gẹ́ bó ṣe pàṣẹ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé wọn ò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Èébì ni owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀. Fulmar fúnra rẹ̀, bí èèyàn bá sún mọ́ ìtẹ́ rẹ̀, òróró rírà ló ń pọ̀ sí onítọ̀hún lára, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lára aṣọ. Àwọn Viking ló sọ ọ́ lórúkọ, ohun tí orúkọ náà sì túmọ̀ sí ni ẹyẹ tó ń rùn. Ojú ọmọ ìyá ni wọ́n fi ń wo Bàbá Ìbejì.

Tammie norie, ẹyẹ alárànbarà ẹnu tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn, kọjá ní bí mẹ́fà kí a tó gúnlẹ̀. Ó kúrú, ó sanra, ó ń ju apá bí ọmọ ilé ìwé tó gbọ́ pé wọ́n ti ti gééètì. Ẹnikẹ́ni ò yà á.

Ní Lerwick, a ti sanwó ọkọ̀ kékeré tó ń yí erékùṣù Noss ká, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún gannet ti ń jókòó sára òkè, wọn ò lọ, wọn ò bọ̀, bí ẹni tó ń retí onífọ́tò. Bàbá Ìbejì wo ọkọ̀ kékeré náà bó ṣe ń jó lójú omi. Ó ní òun ti rí ẹyẹ. Ó lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Ìrọ̀lẹ́ la jọ ṣe fàájì lọ sétí òkun, tirrick kan sì já wálẹ̀, ó fi ẹnu sọ ọ́ ní àárín orí, ibi tí irun ti kó kúrò gan-an. Ẹyẹ tí kò ju nǹkan bí gíráàmù 100 lọ, tó ń lọ láti ibí dé ìsàlẹ̀ ayé lọ́dọọdún tó sì ń padà, tó ń gba etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá láì gba físà. Ó ṣeé ṣe kó ti mọ̀ ọ́n láti ilé.

Nígbà tí à ń bọ̀, inú yàrá ló wà, ó fi aṣọ bojú.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Ìyá Ìbejì fẹ́ mu gàrí. Kò pariwo. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó mọ èyí tí wọn kì í pariwo lé lórí. Ó na rìsíìtì náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fọwọ́ ra á kó lè gún. "Dádì," ó ní, "owó yìí, mo fẹ́ máa rí i lójoojúmọ́. Ẹ yan fọ́tò kan níbẹ̀, ẹ fi sí férémù, ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀."

Ìdí nìyẹn tí mo fi bá a jókòó fún alẹ́ mẹ́ta. A wá a títí. Gannet tó yà funfun jù, kámẹ́rà ò lè gbà á, ó dà bí ihò tí wọ́n dá sínú fọ́tò. Fulmar tó yà kò ní orí. Ìgbà tó di òru ọjọ́ kẹta la kan ẹyọ kan, nínú àwọn tí ìka rẹ̀ tẹ̀ nígbà tí kò mọ̀: omi aláwọ̀ ewé, ìfófòó, oòrùn àárọ̀ tó tàn sórí rẹ̀, àti lókè lápá òsì, ìdajì apá ẹyẹ kan tó ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ ṣeé kà. Ó mọ́ kedere. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá.

Pásítọ̀ wá gbàdúrà fún ilé lọ́jọ́ Sátidé. Ó dé ìdí férémù, ó dúró, ó bọ́ awò ojú, ó tún un wọ̀. "Ẹ wò ó," ó ní, "Odò Jọ́dánì! Àdàbà náà rèé tó ń sọ̀ kalẹ̀!" Bàbá Ìbejì wo èmi. Èmi ń wo àjà. Ó wo Ìyá Ìbejì. Ìyẹn di apá mọ́ àyà, ó ń retí. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bàbá Ìbejì wí.

Inú Pásítọ̀ dùn, ó ní òun fẹ́ irú rẹ̀ kan fún ọ́fíìsì òun. Ó wá fi ìka tọ́ka sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí nǹkan kékeré kan tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tó ń dán, ti léfòó sójú omi. Èmi mọ mọ́ínmọ́ín tí mo bá rí i. Ó ní kí ni ìyẹn?

Bàbá Ìbejì wúkọ́ díẹ̀. "Ògo ni, sà."